Ọba Muhammad Karùn-ún ti Mòrókò: ó ní kí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ lọ gba Faransé sílẹ̀, ó sì dúró gba òmìnira tiwọn



Bí wọ́n bá dárúkọ ogun Hitler nílẹ̀ Yorùbá, Bọ́mà ni ọkàn ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn bàbá àti bàbá-bàbá wa lọ láàárín ọdún 1943 sí 1945, pé kí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì gbéjà ko àwọn ará Japan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bọ̀ wálé ló gbé ìbéèrè kan bọ̀ lọ́kàn: nígbà tí àwọn ti bá ẹlòmíràn gba òmìnira rẹ̀, ta ni yóò wá gba àwọn náà sílẹ̀? Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ìlú Mùsùlùmí kan tí ìbéèrè yìí jẹ lógún gan-an. Mòrókò ni ìlú náà. Ìtàn ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà ogun náà la ó fi sọ ọ́: Muhammad ọmọ Yusuf, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Muhammad Karùn-ún.

Ọmọ tí wọ́n rò pé yóò rọrùn láti darí

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní ìlú Fes. Fes kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí ibẹ̀ ni ibojì Sheikh Ahmad Tijani wà, mazhab Màlíkì tí àwa náà ń tẹ̀lé ni wọ́n sì ń tẹ̀lé níbẹ̀. Ìdílé Alawi ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ìdílé tó ti ń jọba ní Mòrókò láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú àkókò rẹ̀, tí wọ́n sì ń ka ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí àjèjì fi gba ìlú náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1912, ní Fes kan náà, arákùnrin bàbá rẹ̀ tó wà lórí oyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Faransé. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé Faransé yóò dáàbò bo ìlú, yóò sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn àti fún ọba. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé aṣojú àgbà ìjọba Faransé ló ń pàṣẹ, ọba kàn ń fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Sípéènì náà gba apá àríwá. Kò pẹ́ tí ọba ìgbà náà kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì fi Yusuf, bàbá Muhammad, jọba.

Yusuf kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1927. Ó ní ọmọkùnrin tó dàgbà ju Muhammad lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Faransé fojú fo àwọn ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì fẹ́ àbúrò. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ojú sì máa ń tì í. Wọ́n gbà pé ẹni tí yóò máa fi òǹtẹ̀ lu ìwé láìbéèrè nìyẹn. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ni wọ́n gbé e gorí ìtẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n kò ṣìnà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, wọ́n gbé àṣẹ kan wá fún un pé kí ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà yọ àwọn ẹ̀yà Berber tó wà lórí òkè kúrò lábẹ́ ilé ẹjọ́ Sàríà, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n bí àwọn ará Arab ìlú náà ṣe jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn ará ìlú rí i pé wọ́n fẹ́ pín wọn sí méjì nípasẹ̀ ẹ̀sìn. Wọn kò yọ ìbọn. Inú mọ́sáláṣí ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ: láti Salé títí dé Fes, wọ́n ń ké pe Ọlọ́hun pẹ̀lú orúkọ Rẹ̀ Al-Latif, pé kí Ó má jẹ́ kí wọ́n ya ọmọ ìyá nípa. Igbe àdúà yẹn dé ààfin. Láti ìgbà náà ni ọ̀dọ́ ọba yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí sílẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Láti ọdún 1933, àwọn ọ̀dọ́ náà sọ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá di ọjọ́ àjọ̀dún ìtẹ́, wọ́n sì ń fi ọjọ́ náà sọ fún Faransé pé ìlú yìí ní ọba.

Lẹ́tà tí wọ́n kà ní mọ́sáláṣí

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, Faransé kéde ogun pẹ̀lú Jámánì. Ọba Muhammad kọ lẹ́tà sí àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì kà á ní àwọn mọ́sáláṣí káàkiri Mòrókò. Ó ní kí wọ́n ran Faransé lọ́wọ́ láìkù síbì kan, títí tí wọn yóò fi ṣẹ́gun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ló dé. Ṣé ẹni tó gba ilé ẹni lèèyàn ń gbèjà? Ohun tí a rí nínú ìgbésí ayé ọba yìí ni pé ó ka àdéhùn sí ohun ńlá. Ìwé ọdún 1912 wà láàárín òun àti Faransé. Bí Faransé kò tilẹ̀ mú apá tirẹ̀ ṣẹ dáadáa, ọba mú tirẹ̀ ṣẹ, kí ó lè lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ lọ́la. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Àwọn ọmọ Mòrókò jáde. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, nítorí wọ́n ti jà fún Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun onírin Jámánì ya wọ Bẹ́líjíọ̀mù, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kìíní ti Mòrókò wà lára àwọn tó dúró níwájú wọn nítòsí ìlú Gembloux ní ọjọ́ 14 àti 15. Wọ́n dá àwọn ará Jámánì dúró níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà wálé. Títí di òní, ibojì wọn wà ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù níbi tí wọ́n ṣubú sí. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni Jámánì gbà wọlé, nígbà tí oṣù kẹfà sì fi máa parí, Faransé ti juwọ́ sílẹ̀.

Òǹtẹ̀ ọba àti àwọn Yahúdí Mòrókò

Ìjọba tuntun tó jókòó sí ìlú Vichy ní Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í bá Hitler ṣiṣẹ́ pọ̀. Aṣojú àgbà wọn ní Mòrókò, Charles Noguès, sì tẹ̀lé wọn. Ìgbà yìí ni ìdánwò tó le jù dé bá ọba.

Àwọn Yahúdí tí wọ́n ń gbé ní Mòrókò nígbà náà lé ní 200,000. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí Ìsìláàmù tó dé ibẹ̀, abẹ́ ààbò ọba Mùsùlùmí ni wọ́n sì wà, gẹ́gẹ́ bí Sàríà ti là á sílẹ̀ fún àwọn tí a fún ní Ìwé. Ìjọba Vichy mú òfin wá láti lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, láti dín iye ọmọ wọn kù ní ilé ìwé Faransé, àti láti ká wọn lọ́wọ́ kò nínú òwò.

A kò ní fi òótọ́ pamọ́. Òǹtẹ̀ ọba wà lórí àwọn òfin náà, ti oṣù kẹwàá ọdún 1940 àti ti oṣù kẹjọ ọdún 1941. Ọ̀pọ̀ Yahúdí pàdánù iṣẹ́, wọ́n sì lé àwọn kan kúrò ní ilé tí wọ́n ń gbé. Ìjọba Vichy tún kó àwọn àjèjì, àti Yahúdí àti ẹlòmíràn, tó sá wá láti Yúróòpù sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekára ní ìhà ìlà-oòrùn Mòrókò. Ọba kò lágbára láti dá èyí dúró.

Àmọ́ ó ní ohun kan tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó gba àwọn aṣáájú Yahúdí sí ààfin, ó sì fi dá wọn lójú pé ọmọ ìlú òun ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí ṣe jẹ́ ọmọ ìlú òun, pé ohunkóhun tó bá kan wọ́n kan òun. Àwọn òṣìṣẹ́ Faransé fúnra wọn kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé ní ọdún 1941 pé àárín àwọn àti ọba kò gún mọ́ nítorí pé ó kọ̀ láti fi ìyàtọ̀ sí àárín àwọn ọmọ ìlú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú Yahúdí Mòrókò láti rán ìràwọ̀ àwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ. Wọn kò kó Yahúdí kankan láti Mòrókò lọ sí àwọn àgọ́ ikú ní Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ìdí ló wà fún èyí: ọ̀nà jìn, ogun náà sì yí padà kí Jámánì tó ráyè. Síbẹ̀, àwọn Yahúdí Mòrókò àti àwọn ọmọ wọn kò gbàgbé ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ bí bàbá nígbà tí ìbẹ̀rù mú wọn.

Oúnjẹ alẹ́ tí ọtí kò sí níbẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí etíkun Mòrókò, ní Safi, ní Fedala àti nítòsí Port Lyautey tí à ń pè ní Kenitra lónìí. Ọ̀gágun George Patton ló ṣáájú wọn. Noguès ní kí àwọn ọmọ ogun abẹ́ rẹ̀ bá wọn jà, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 11. Láti ọjọ́ náà, Mòrókò kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń bá Hitler ṣe, ó sì di ibi tí ogun láti gba Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1943, láti ọjọ́ 14 sí 24, Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà àti Winston Churchill ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàdé ní Anfa, àdúgbò kan ní Casablanca. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde pé àwọn kò ní gbà ju kí Jámánì, Ítálì àti Japan túúbá pátápátá. Ní alẹ́ ọjọ́ 22, Roosevelt pe ọba Mòrókò wá jẹun. Ọba mú ọmọ rẹ̀ Hassan dání, ẹni ọdún mẹ́tàlá. Nítorí pé Mùsùlùmí ni àlejò pàtàkì náà, wọn kò gbé ọtí sórí tábìlì. Inú Churchill kò dùn sí èyí rárá.

Ọmọ Roosevelt tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà pé bàbá òun bá ọba sọ̀rọ̀ nípa ayé lẹ́yìn ogun, nípa ìlú tí yóò máa jàǹfààní ohun tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, àti nípa òpin ìjọba àjèjì. Noguès wà lórí tábìlì kan náà, ó ń gbọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún láti ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé Fes. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí olórí orílẹ̀-èdè ńlá kan yóò bá ọba Mòrókò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ìlú.

Àwọn ọmọ òkè nílẹ̀ Ítálì

Nígbà tí wọ́n ń jẹun yìí, àwọn ọmọ Mòrókò ti wà lójú ogun ní Tùnísíà. Lára wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní goumier, àwọn ọkùnrin láti ìletò orí òkè, tí wọ́n ń wọ jàlàbíà onílà tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, tí wọ́n sì ń so ọ̀bẹ mọ́ ìbàdí. Ìbaaka ló ń ru ẹrù wọn. Ọ̀gágun Augustin Guillaume ló ń darí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, àti ti ọ̀gá rẹ̀, Alphonse Juin.

Láti Tùnísíà, wọ́n lọ sí Sísílì ní oṣù keje ọdún 1943. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, wọ́n wà lára àwọn tó gba erékùṣù Corsica lọ́wọ́ Jámánì. Corsica ni apá Faransé àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tó bọ́ lọ́wọ́ Hitler.

Lẹ́yìn náà ni Ítálì. Jámánì ti mọ odi ogun la ilẹ̀ náà kọjá, Monte Cassino sì ni ojú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Íńdíà àti Niu Sílándì kọlù ú láti oṣù kìíní ọdún 1944, kò ṣeé wó. Ní oṣù karùn-ún, Juin rán àwọn ọmọ Mòrókò, pẹ̀lú àwọn ará Àlùjíríà àti Tùnísíà, gba orí òkè Aurunci, níbi tí àwọn ará Jámánì gbà pé ọmọ ogun kankan kò lè gbà kọjá. Àwọn ọmọ òkè gun òkè. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, odi náà fọ́ láti ẹ̀gbẹ́, Monte Cassino bọ́ ní ọjọ́ 18, ọ̀nà Róòmù sì là.

Ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Ní àwọn ìletò tó wà lójú ọ̀nà náà, bí Esperia, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun yìí fipá bá obìnrin lò pọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ítálì ṣì ń gbé ìrora náà. Àwa tí a mọ̀ pé Ànábì wa kọ̀ fún jagunjagun láti fọwọ́ kan obìnrin, ọmọdé àti arúgbó lójú ogun, a kò lè fi ìgboyà àwọn kan bo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì wà lọ́rùn àwọn tó ṣe é àti àwọn ọ̀gá tí kò ká wọn lọ́wọ́ kò.

Àwọn tó kù ń bá ogun lọ: Marseille ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, àwọn òkè Vosges nínú yìnyín, títí wọ́n fi wọ Jámánì fúnra rẹ̀ ní ọdún 1945. Àwọn goumier nìkan tó kú lójú ìjà láàárín 1942 sí 1945 lé ní 1,600. Ní Venafro ní Ítálì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibojì Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà wà níbẹ̀.

Nílé pẹ̀lú, ogun ń jẹ wọ́n. Ọkà Mòrókò ń bọ́ àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1945, òjò kọ̀, ìyàn mú, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pín oúnjẹ àti aṣọ fún ènìyàn. Àwọn àgbà Mòrókò fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sọ ọdún yẹn lórúkọ, bí àwọn àgbà tiwa ṣe máa ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ka ọdún.

Ọba béèrè ohun tó jẹ́ ti ìlú

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ Mòrókò wà nínú òtútù Ítálì, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Istiqlal kọ ìwé béèrè òmìnira, wọ́n sì fún ọba, aṣojú Faransé àti àwọn aṣojú Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan wà láàárín àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, Malika al-Fassi. Èsì Faransé ni pé wọ́n kó àwọn aṣáájú náà sí àtìmọ́lé. Àwọn ènìyàn jáde ní Rabat, Salé àti Fes, ìbọn sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, lẹ́yìn tí ogun parí, Ọ̀gágun de Gaulle pe ọba wá sí Paris, ó sì fi í jẹ oyè Alábàárìn Ìtúsílẹ̀, oyè tí ènìyàn 1,038 péré jẹ nínú gbogbo ogun náà. Oyè dára. Ṣùgbọ́n òmìnira ni ọba ń retí, kò sì bá a bọ̀ wálé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1947, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tangier. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò náà, àwọn ọmọ ogun abẹ́ Faransé yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Casablanca. Ní ọjọ́ 10, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣojú ìlú òkèèrè. Ó sọ nípa Mòrókò tó jẹ́ ọ̀kan, nípa ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti nípa okùn tó so ó mọ́ ayé Mùsùlùmí àti ilẹ̀ Arab. Gbólóhùn ìyìn fún Faransé tí wọ́n retí kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Lalla Aisha, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, sọ̀rọ̀ pẹ̀lú lórí ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀pọ̀ bàbá ní Mòrókò tó ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ rán ọmọbìnrin wọn lọ sí ilé ìwé lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Iléyá

Ta ni Faransé wá rán wá láti fi ọwọ́ líle mú ọba yìí? Ní ọdún 1947, Juin ni. Ní ọdún 1951, Guillaume gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gágun méjèèjì tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Mòrókò fi gba oyè ní Ítálì ló wá ń sọ fún ọba àwọn ọmọ náà pé kí ó lé àwọn tó ń béèrè òmìnira dànù, tàbí kí ó kúrò lórí oyè. Wọ́n wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ Thami El Glaoui, olórí Marrakesh, tó kó àwọn ìjòyè jọ lòdì sí i.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1953, ó ku ọ̀la ọdún Iléyá. Gbogbo ilé ti ra àgbò. Àwọn ọmọ ogun yí ààfin Rabat ká, Guillaume sì wọlé tọ ọba lọ pé kí ó fi oyè sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n mú òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, wọ́n kó wọn sínú bàlúù, wọ́n sì fi ìbátan rẹ̀ kan, Ben Arafa, sórí ìtẹ́. Ibo ni bàlúù náà gbé wọn lọ? Corsica ni. Erékùṣù tí àwọn ọmọ Mòrókò gbà sílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni Faransé ti ọba wọn mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó o lọ sí Madagáskà, sí ìlú Antsirabe.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọba ni Muhammad. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di bàbá nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń gun orí òrùlé lọ́wọ́ alẹ́, wọ́n ń sọ pé àwọn rí ojú rẹ̀ nínú òṣùpá. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ben Arafa nínú wáàsí Jímọ́ọ̀. Àwọn kan kọ̀ láti ra ọjà Faransé, àwọn kan gbé ohun ìjà. Fún ọdún méjì, ìlú kò rọgbọ.

Ọwọ́ Faransé rọ̀. Wọ́n mú ọba padà wá sí Faransé, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 1955. Níbẹ̀ ni El Glaoui wá bá a, arúgbó tí àìsàn ti ń ṣe, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ọba lè fi ẹsẹ̀ tì í. Ó forí jì í. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, El Glaoui kú. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, bàlúù ọba balẹ̀ sí Rabat-Salé láàárín èrò tí kò lóǹkà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1956, Faransé gbà pé Mòrókò ti di òmìnira. Ní oṣù kẹrin, Sípéènì náà gbà.

Gbèsè tó kù

Ọba Muhammad kò pẹ́ láyé lẹ́yìn òmìnira. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1961, tí í ṣe ọjọ́ kẹwàá nínú Ràmàdáánì, ó kú ní Rabat lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó le. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Títí di òní, bí ọjọ́ kẹwàá Ràmàdáánì bá pé, wọ́n ń ṣe àdúà fún un ní Mòrókò.

Àwọn tí ó fi lẹ́tà rẹ̀ pè sógun ńkọ́? Òfin tí Faransé ṣe ní òpin ọdún 1959 ló bẹ̀rẹ̀ sí í di owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ tó ti gba òmìnira mọ́ ojú kan. Owó akẹgbẹ́ wọn ní Faransé ń gòkè lọ́dọọdún, tiwọn dúró síbi tó wà. Àwọn méjèèjì jọ gun òkè kan náà, ìbọn kan náà ló bà wọ́n. Ó di ọdún 2006, lẹ́yìn tí fíìmù kan lórí ìtàn wọn jáde, kí ìjọba Faransé tó kéde pé òun yóò mú owó ogun náà dọ́gba. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti wà nínú ibojì.

Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí nìyí, ẹ̀yin ará. Ọba Muhammad kò ní ọmọ ogun tirẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ pàápàá kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ pátápátá. Àdéhùn tó mú ṣẹ ni gbogbo agbára tó ní. Nítorí pé ó mú un ṣẹ nígbà tí Faransé wà nínú ìṣòro, kò sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀ nígbà tó béèrè ẹ̀tọ́ ìlú rẹ̀. Àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ni ìtìjú bá.

Bí ẹ bá ní bàbá-bàbá tó lọ sí Bọ́mà, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi ti Mòrókò kún un. Kí Ọlọ́hun forí ji Ọba Muhammad Karùn-ún, kí Ó forí ji gbogbo Mùsùlùmí tó kú sí ilẹ̀ òkèèrè nínú ogun tí kì í ṣe tiwọn, kí Ó tu àwọn tí wọ́n ṣe àbòsí sí nínú ogun náà nínú, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà jẹ́ ẹni tó ń mú àdéhùn ṣẹ. Àmín.